Ẹrù Ìyàwó Lórí Ṣẹ́ẹ̀fù Ọmọdé

Yàrá ọmọ wa ní Ìkirè máa ń rùn bí eruku tí omi ta sí nígbà òjò. Ilé bàbá ọkọ mi ni, ilé alámọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára tó wá ń ṣe bí ilé búlọ́ọ̀kù. Ibẹ̀ la gbé ṣẹ́ẹ̀fù kan sí, tòkunbọ̀ tí a rà ní Gbọ̀ngán: àpótí pákó mẹ́fà tí èèyàn lè tò léra tàbí kó tò wọ́n síra bó ṣe wù ú, kó sì fi síkúrù dè wọ́n pọ̀. Méjì nínú wọn ní dúrọ́ọ̀. Nítorí pé yàrá náà kéré, ọkọ mi tò wọ́n ní mẹ́ta-mẹ́ta léra, ó sì ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

Ó fẹ́ so ó mọ́ ògiri kó má baà wó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ilé alámọ̀ rí mọ̀ pé ẹ̀wù lásán ni sìmẹ́ńtì ara rẹ̀. Síkúrù ń yí nínú ihò bí ṣíbí nínú ẹ̀kọ gbígbóná, amọ̀ pupa ń dà sílẹ̀. Ó gbìyànjú níbòmíràn, ohun kan náà ni. Ó ní a ó wá nǹkan ṣe sí i. Ìwọ náà mọ bí "a ó wá nǹkan ṣe sí i" ṣe máa ń pẹ́ tó nínú ilé.

Kò pẹ́ tí ìyá ọkọ mi fi dé láti Àpòmù. Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n sì fẹ́ máa bá wa tọ́jú ọmọ. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ni, síbẹ̀ wọ́n ti ń ra ẹrù ìyàwó fún un, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ṣe: abọ́ tánganran olódòdó àti ìkòkò onídèérí, díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n bá ti ta kòkó. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ wá, wọ́n tò ó sórí ṣẹ́ẹ̀fù náà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà.

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀fù yìí ò dúró dáadáa."

"A kì í gbé ẹrù ìyàwó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìyàwó mi. Òkè lohun iyì ń gbé."

Àdúrà ni wọ́n ka àwọn abọ́ náà sí. Mo fi okùn so dúrọ́ọ̀ méjèèjì pa, mo sì ń lọ sílé ìwé lójoojúmọ́ pẹ̀lú ọkàn tí kò balẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo dé, mo bá okùn nílẹ̀. Ọmọ ti fa dúrọ́ọ̀ jáde, ó fi wọ́n ṣe àtẹ̀gùn, ṣẹ́ẹ̀fù sì ti tẹ̀ síwájú. Ìyá ọkọ mi ni kò jẹ́ kó wó. Wọ́n fi èjìká tì í, ọwọ́ wọn kan di ọmọ mú, abọ́ ń já bọ́ lé wọn lẹ́yìn.

"Kọ́kọ́ gbé ọmọ," ni wọ́n wí, bí ẹni tó ní kí n bu omi wá.

Mo gbé e, lẹ́yìn náà la jọ ti ṣẹ́ẹ̀fù náà padà. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n ń mí. Ọmọ ni wọ́n ń wò, wọn ò wo abọ́.

Nígbà tí ọkọ mi dé, àwọn fúnra wọn ló ní kó tú u palẹ̀. Ó to àpótí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀ ní ìlà kan lẹ́bàá ògiri, ó dè wọ́n pọ̀, ó yọ dúrọ́ọ̀ kúrò pátápátá, ó sì lẹ fóòmù mọ́ igun wọn. Kò sí èyí tó ga ju àyà ọmọ lọ. Mo ní ká kó àwọn abọ́ lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù yàrá tiwa.

"Rárá," ni ìyá ọkọ mi wí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń kó wọn sínú àpótí náà, kí ó lè wúwo nílẹ̀. "Ẹni tó bá dàgbà ló ń lọ ilé ọkọ."

Báyìí làwọn abọ́ náà ṣe di ohun ìṣeré. Ọmọ ń kó wọn jáde, ó ń fi wọ́n lulẹ̀, tánganran ń họ, òdòdó ń parẹ́. Kò sí ìyá tí yóò gbé irú wọn síwájú àna, ìyá ọkọ mi sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ àwọn ló máa ń jókòó tì í tí wọ́n á máa na abọ́ sí i. Ẹ̀rù màámi máa ń bà mí tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí, mo fẹ́ràn wọn gidigidi. Mo ti rò pé ìgbéyàwó ni wọ́n ń ra àwọn abọ́ yẹn dè. Ọmọ ni wọ́n ń rà wọ́n fún.