Àwo Orin Mẹ́ta Tí Èmi àti Bàbá Mi Fi Etí Kọ̀ọ̀kan Gbọ́

Òtítọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ síbí. Mo kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé olùkọ́ wa fẹ̀sùn kàn wá pé a máa ń ṣe ìdájọ́ àwo orin tí a kò gbọ́ dópin. Mo gbọ́ mẹ́ta dópin láìpẹ́ yìí. Bàbá mi gbọ́ wọn pẹ̀lú mi, tàbí kí n kúkú sọ pé ohun tí àwa méjèèjì rò nìyẹn.

Yàrá kan ni a ń gbé ní Ailegun. Nídìí ẹ̀rọ tó ń gé ọ̀rá ní Industrial Estate ní Ìsọlọ̀ ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán Sátidé sì ni ó máa ń ráyè. Àbúrò mi jòjòló ń sùn ní àkókò yẹn, òfin ìyá mi sì ni pé ẹni tó bá jí i ni yóò pọ̀n ọ́n. Nítorí náà, íápíìsì fóònù mi ni a fi ń gbọ́ orin. Bàbá mi á ki ọ̀kan bọ etí òsì, èmi á ki èkejì bọ etí ọ̀tún, a ó sì jókòó pẹ́kípẹ́kí létí bẹ́ẹ̀dì kí okùn rẹ̀ má baà fà.

Ọ̀sẹ̀ tí a gbọ́ wọn kò rọrùn. Ìyá mi sọ ohun kan fún bàbá mi nígbà tí wọ́n dùbúlẹ̀, bàbá mi kò sì dáhùn. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Ìyá mi ní ìgbéraga ni, pé òun kò ní bá ògiri sọ̀rọ̀ mọ́, àti pé tó bá di ọjọ́ Àìkú, òun yóò gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá òun ní Ṣàgámù. Ó kọ̀ láti tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Bàbá mi ní òun kò mọ ohun tí òun ṣe. Kò sí ẹni tó gbà á gbọ́, títí kan èmi.

Kí n padà sórí orin. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọrin bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun ló ni àwo kìíní. Orin ìfẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jọ pé obìnrin tó ń kọ ọ́ sí ti gbà. Èyí tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ràn, níbi tó ti ń bẹ ìyá rẹ̀ pé kó má ta ilé. Bàbá mi ní ohùn ọmọ náà dára, àmọ́ kò jọ pé ó ti jẹun.

Bàbá mi ló yan ìkejì, fújì ni. N kò mọ ibi tí orin kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Olórin náà kí àwọn ènìyàn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mọ iye ìyàwó tí oníṣòwò táyà kan ní, àti àdúgbò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbé. Mo sọ fún bàbá mi pé ìkíni ti pọ̀ ju orin lọ. Ó ní ẹni tí kò bá kí ènìyàn, kí ni yóò rí kọ lórin?

Ẹgbẹ́ akọrin obìnrin ti ṣọ́ọ̀ṣì kan ló ṣe ìkẹta. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn obìnrin náà ní ìgboyà, nítorí pé wọ́n ń dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n. Bàbá mi ní tirẹ̀ mi orí.

“Obìnrin kan ló ń ké látàárọ̀, kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Irú ìwà wo nìyẹn?”

Ìyá mi, tó ń ká aṣọ ọmọ sínú báàgì, pòṣé.

Ó wá yé mi pé wọ́n gbé ohùn ẹni tó ń lé orin sí apá kan íápíìsì, wọ́n sì gbé ti àwọn tó ń gbè é sí apá kejì. Mo fa tèmi lé bàbá mi lọ́wọ́, mo ní kí ó fi méjèèjì gbọ́ ọ. Ó fi í sí etí ọ̀tún.

“Tìrẹ ti kú,” ni ó wí.

Mo gbà á, mo fi sí etí mi. Àwọn obìnrin náà ṣì ń gbè é. Mo dá a padà. Ó tún ní ó ti kú. Mo ní kí ó fi sí òsì. Bàbá mi yọ ti tẹ́lẹ̀, ó fi tèmi rọ́pò rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. “Wọ́n mà pọ̀ o.” Lẹ́yìn náà ni ó tún gbé e lọ sí ọ̀tún, ẹ̀rín náà sì tán.

Apá ọ̀tún rẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń gé ọ̀rá ti ń pariwo láti ìgbà tí a kò tíì bí mi. Apá ọ̀tún rẹ̀ náà ni ìyá mi ń sùn sí.

Mo ti pa gbólóhùn nípa ìgboyà rẹ́.

Ìyá mi dẹ́kun aṣọ kíká. Èmi dìde. Bàbá mi fi ọwọ́ gbá ibi tí mo ti dìde, ní òsì rẹ̀, ìyá mi sì jókòó síbẹ̀ tòun ti báàgì lórí itan. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì dá bàbá mi lóhùn ohun tó bi í:

“Ìyá àwọn ọmọ mi, kí lo sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn?”