Ọwọ́ Bàbá Mi àti Máòsì Tó Ń Sáré

Òórùn epo bẹntiróò ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé nílé wa ní Àkúrẹ́. Bàbá mi á ti gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, á fa okùn rẹ̀ títí yóò fi dún, á wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ tó rà. Ayàwòrán ilé ni lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n láwọn ọdún wọ̀nyẹn, owó oṣù kì í wọlé. Pláànù tó ń yà nílé fún àwọn tó ń kọ́lé ló ń bọ́ wa.

"Má fọwọ́ kan nǹkan yẹn o, Fọlákẹ́," ló máa ń wí fún mi. "Ibẹ̀ ni oúnjẹ wa wà."

Mo fọwọ́ kàn án. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Káyọ̀dé, ọmọ àbúrò màmá mi ní Oǹdó, ló fún mi ní sídì eré ìbọn méjì. Bí iná bá ti dé lẹ́yìn iléèwé, tí kò sí àgbà nílé, mo ti dé ìdí kọ̀ǹpútà. Nínú eré àkọ́kọ́, inú igbó lèèyàn ń sá pamọ́ sí, tó ń yìnbọn láti òkèèrè. Máòsì, nǹkan tí à ń fọwọ́ tì láti darí ojú ìbọn, gbọ́dọ̀ rọra rìn níbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ojú ìbọn á kọjá ẹni tí mo fẹ́ yìnbọn fún. Nínú èkejì, tiwájú tẹ̀yìn ni ọ̀tá ti ń ya bo èèyàn. Bí máòsì kò bá yára, kí n tó yíjú, wọ́n ti pa mí. Nítorí náà, bí mo bá ti fẹ́ kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì, màá kọ́kọ́ lọ sínú ètò kọ̀ǹpútà, màá yí bí máòsì ṣe ń yára tó padà. Bí mo bá ṣe tán, màá dá a padà síbi tí bàbá mi fi í sí. Ọlọ́gbọ́n ni mo pe ara mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, iná lọ lójijì níbi tí mo ti ń sáré kiri láàárín àwọn ọ̀tá. Mo gbàgbé máòsì pátápátá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń gbálẹ̀ pálọ̀ nígbà tí mo rí bàbá mi tó ń fa ìlà ògiri kan lórí kọ̀ǹpútà. Ìlà náà fò kọjá ibi tó yẹ kó dúró. Ó tún un fà, ó tún fò kọjá. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọwọ́ ẹlòmíì. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló pa bàbá tirẹ̀, ọwọ́ gbígbọ̀n ló sì fi bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá Fọlákẹ́," ó ké sí màmá mi, "ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n o. Uṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi. Mo gbé e mì.

Pláànù ilé alájà méjì fún ọkùnrin kan ní Ọ̀bà-Ilé ló wà níwájú rẹ̀, iṣẹ́ tó tóbi jù lọ tó rí gbà lọ́dún náà. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti gbé e fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan. Lọ́jọ́ Àìkú, a wọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá màmá mi ní Oǹdó. Àwọn ìyá ìjọ rẹ̀ wá bá wa lẹ́yìn ìsìn, wọ́n da òróró sọ́wọ́ bàbá mi, wọ́n sì gbàdúrà lé e lórí títí aṣọ wọn fi rin fún òógùn. Èmi tí mo mọ ohun tó ń ṣe ọwọ́ náà, èmi ni "Àmín" mi ròkè jù.

Lọ́jọ́ Ajé, mo sáré ti iléèwé dé, mo dá máòsì padà síbi tí bàbá mi fi í sí. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Bàbá mi ti fi aṣọ bo kọ̀ǹpútà, kò sì jókòó sídìí rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ méjèèjì ló wá ń fi gbé ife tíì. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹn wá ní ọ́fíìsì tirẹ̀, bàbá mi kò sì ya pláànù kankan nílé mọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó ń dùn mí títí di òní.

Kérésì tó kọjá ni mo tó jẹ́wọ́ fún un. Ó bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ lọ́jọ́ náà. Mo ní ẹgba ni mo ń bẹ̀rù.

"Fọlákẹ́, ṣé mo nà ọ́ rí?"

Mo ronú títí, n kò rí ọjọ́ kan. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tí mo jẹ́ nígbà náà ni mo máa ń di ẹ̀bi rù. Ṣùgbọ́n ọdún méje péré ló fi dákẹ́ kó tó dàgbà. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù kí n tó jẹ́wọ́, èmi àgbàlagbà yìí ni mo dákẹ́.