Báyọ̀ Tí Kì Í Dáhùn Òkun

Ìró ìdérí ìgò mínírà lórí sìmẹ́ńtì ló gbé mi padà sí àgbàlá wa ní Kàbà. Ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, ló ń tò wọ́n sí ìdí ògiri. Ìyá rẹ̀, ọmọ mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti jéléósinmi dé, ojú rẹ̀ pọ́n. Olùkọ́ ní ọmọ náà kì í wojú ẹni, a pè é kò ní bojú wẹ̀yìn, bí ẹnikẹ́ni bá sì tú ohun tó tò ká, á gé onítọ̀hún jẹ. Ó ní kí wọ́n tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa irú rẹ̀. Ọmọ mi ń sunkún. Èmi ń ronú nípa Báyọ̀.

Àgbàlá kan náà ni wọ́n bí èmi àti Báyọ̀ sí. Bí àwọn ìyá wa bá ń pa èkùrọ́ lábẹ́ igi máńgòrò, àwa ọmọdé a máa jí i jẹ títí inú yóò fi máa run wá. Báyọ̀ kì í bá wa jí nǹkan kan. Èèpo ni tirẹ̀. Á tò ó láti ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀ dé ìdí àmù, á tọ́ ju poro oko bàbá mi lọ. Bí ewúrẹ́ bá kọjá níbẹ̀, igbe dé; ọmọ tó bá tú u ká, á gé e jẹ. Èmi nìkan ló máa ń gbà kí n fi èèpo kan sí ìparí ìlà náà, inú mi a sì dùn bí ẹni jẹ oyè.

Ohun tó kó bá a ni pé kì í dáhùn ìkíni, nílùú tó jẹ́ pé "òkun" tí a fi ń kí ara wa náà ni wọ́n fi ń pè wá. Àgbàlagbà á dúró, á ní, "Òkun o, Báyọ̀." Kò ní gbójú sókè. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ ló bà á jẹ́. Wọ́n sọ ọ́ títí bàbá rẹ̀ fi ní òun á gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n òun ní Ògìdì, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le.

Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀. "Bàbá Báyọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Ó ṣì kéré."

"Kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò," ni èsì tó gbà.

Ó gbé e lọ. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìròyìn dé láti Ògìdì pé Báyọ̀ ti gbọ́n. Kò ké mọ́, kò gé ẹnikẹ́ni jẹ mọ́, ibi tí wọ́n bá gbé e sí náà ló ń jókòó. Bàbá rẹ̀ dúpẹ́. Àṣé ibà ni. Ọmọ náà kò lè sọ pé ara ń ro òun, wọ́n sì ka ìdákẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀kọ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti kú. Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé ìdí àmù, títí òjò fi wá gbé èèpo náà lọ. Ó ṣì ń dùn mí.

Òwe ìrókò yẹn náà ni olùkọ́ pa fún ọmọ mi, àmọ́ ìtọ́jú ló ní lọ́kàn, kì í ṣe àdá. Ìyẹn ti yí padà. Àwọn aládùúgbò kò yí padà. Mo gbọ́ ọ lánàá pé ìyá ló ba ọmọ jẹ́. Mo ní kí ọmọ mi gbé e lọ síbi tí olùkọ́ wí, kó má tijú ẹnikẹ́ni.

Mo wá rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, orúnkún mi ń ké. Mo ní, "Òkun o, ọkọ mi." Kò dáhùn. Mo fi ìdérí kan sí ìparí ìlà rẹ̀. Ó wò ó, ó tún un ṣe díẹ̀ kó lè tọ́, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀.