Ọjọ́ Tí Bàbá Bá Ń Tú Ọta

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Adébáyọ̀ kì í jẹ́ kí n sinmi. Wọn kò ní tíì gba ọlidé tán tí wọn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í yin bángà láti àárọ̀ di ọjọ́rọ̀, gbàù níbí, gbàù lọ́hùn-ún. Ìró rẹ̀ kọ́ ló ń dà mí láàmú. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ariwo ọmọdé kò lè ṣe mí ní nǹkan kan mọ́. Èéfín rẹ̀ ni. Bí ó bá ti gba ojú fèrèsé wọlé, tí òórùn ẹ̀tù yẹn kàn mí nímú, ọwọ́ mi á dúró lórí ohunkóhun tí mo bá ń ṣe. Àwọn ọmọ mi rò pé ìró ìbọn ló ń já mi láyà, wọ́n á ní, "Mọ́mì, bángà lásán ni." Mo mọ̀ pé bángà ni. Mo kàn ti kúrò ní Adébáyọ̀ ní àkókò yẹn ni, mo ti padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá àgbà mi, níbi tí mo ti fi ojú ara mi rí ohun tí ẹ̀tù lè ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé náà ṣe rí fún ẹ̀yin tí ẹ kò bá a. Abúlé wa kò jìnnà sí Adó. Bí a bá tètè jáde lọ́jọ́ ọjà, a ó ti dé Ọjà Ọba kí oòrùn tó le. Ilé alámọ̀ ni, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lára, páànù orí rẹ̀ sì ti dípẹtà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan la ilé já láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá wà lápá ọ̀tún, yàrá wà lápá òsì, kọ́tìnnì ló sì wà lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Lẹ́yìn ilé, àpáta pẹrẹsẹ kan wà tí a máa ń sá èlùbọ́ sí, igi ọsàn kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá mi, Dáre lorúkọ rẹ̀, ń ṣe tíṣà ní ìlú mìíràn, ìyá mi sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, ni wọ́n bá fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó bí i. Bàbá ni mò ń pe bàbá àgbà, Yèyé ni mò ń pe ìyàwó rẹ̀.

Ọdẹ ni Bàbá, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi gbọ́njú, orúnkún ti ń dùn ún, kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ igbó mọ́. Iṣẹ́ tí gbogbo ọdẹ agbègbè wa wá mọ̀ ọ́n mọ́ ni ọta títú. Ọta ìbọn òyìnbó ayé ìgbà yẹn, pépà tó nípọn ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, idẹ ni wọ́n fi ṣe ìdí rẹ̀. Bí òjò bá pa ọdẹ nínú igbó, pépà náà á wú, ọta kò ní wọ ẹnu ìbọn mọ́, tàbí kó wọ̀ ọ́ kó má dún. Ọta sì ṣòroó rí nígbà náà, kò sí ẹni tó fẹ́ jù ú nù. Bàbá ni wọ́n ń kó o wá bá. Á tú u, á kó hóró òjé inú rẹ̀ sí apá kan, á da ẹ̀tù rẹ̀ sínú igbá, kí wọ́n lè tún wọn lò.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ yẹpẹrẹ ni o. Bàbá kì í jẹ́ kí irin kan ọta. Igi tí ó fúnra rẹ̀ gbẹ́ ló ń lò, àpò tí ó ti rẹ sómi ló ń tẹ́ síwájú, kì í gbá ìdí ọta mọ́ ohunkóhun, kì í sì í kọ ẹnu rẹ̀ sí ènìyàn. Ọ̀kan ló ń mú lẹ́ẹ̀kan, ìyókù á wà nínú agolo lọ́nà jíjìn. Ìta gbangba, lábẹ́ igi ọsàn, ló ń jókòó sí, kì í sì í sọ̀rọ̀ rárá. Bí eṣinṣin bá bà lé e nímú, á jẹ́ kó ṣe tinú rẹ̀ kó lọ.

Ohun tó wá le jù nínú òfin rẹ̀ ni ti iná. Lọ́jọ́ tí Bàbá bá ń tú ọta, iná kankan kò gbọdọ̀ jó nínú agbo ilé wa. Yèyé á ti jí ní ìdájí láti gún iyán, á fi ewé dì í, á wá bu omi pa ààrò. Obìnrin tó ń dín àkàrà ní ẹ̀gbẹ́ wa á gbé agbada rẹ̀ lọ sí ojúlé mìíràn, á máa kùn lọ, àfi ìgbà tí Bàbá bá fi ẹran ìgbẹ́ ránṣẹ́ sí i ni ojú rẹ̀ á tó wálẹ̀. Àwọn àgbà tó ń fa tábà á gbé ìkòkò tábà wọn kúrò nítòsí. Ní ti àwa ọmọdé, iyán tútù ni oúnjẹ ọ̀sán wa. Ẹ ro ó wò ná, ọmọ Èkìtì tó ń jẹ iyán tútù! A máa ń fà á bíi rọ́bà, a sì ń rẹ́rìn-ín, nítorí a mọ̀ pé bí iṣẹ́ bá parí, ẹran yóò wà nínú ọbẹ̀ alẹ́.

Kí Bàbá tó fọwọ́ kan ọta àkọ́kọ́, á gbé ohùn sókè láti ìdí igi ọsàn, á ní, "Ẹ ti pa uná?" Yèyé á dá a lóhùn láti inú ilé pé, "A ti pa á." Ìgbà náà ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Yèyé. Aládùúrà ni. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ tó bí tẹ̀lé bàbá mi kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó bọ́ bàtà, ó wọ aṣọ funfun, kò sì wẹ̀yìn mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ni Bàbá ń lọ ní tirẹ̀, ìyẹn bó bá rántí, ó sì máa ń fi Yèyé ṣe yẹ̀yẹ́ pé ariwo àdúrà rẹ̀ ti lé gbogbo ẹran sá kúrò nígbó. Síbẹ̀, bí Yèyé bá ti kúnlẹ̀, Bàbá kì í pè é. Ebi ìbáà máa pa á, àlejò ìbáà wà lórí ìdúró, á ní kí wọ́n jẹ́ kó ṣe àmín ná.

Ẹ̀rù iṣẹ́ ọta yìí ń ba Yèyé gidigidi. Bí Bàbá bá ti wà lábẹ́ igi ọsàn, òun náà á wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, á máa bẹ Ọlọ́run kó dá ọkọ òun sí. Á tan àbẹ́là síwájú, á sun tùràrí. Lójú Yèyé, àbẹ́là kì í ṣe iná. Iná ni ohun tí a fi ń se ọbẹ̀, àbẹ́là jẹ́ ohun àdúrà. Nígbà tó bá dáhùn pé a ti pa á, kò purọ́ lójú ara rẹ̀. Igi ọsàn sì jìnnà sí yàrá, nítorí náà kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ rí.

Òjò ló ba nǹkan jẹ́. Ọdẹ kan láti Ìgèdè kó ọta wá lọ́jọ́ kan, ó sì ń dúró gbà á, ó jókòó sójúlé kejì. Bàbá ti tú púpọ̀ nínú wọn kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ó gbé agolo, ó gbé igbá ẹ̀tù, ó kó gbogbo rẹ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Iwájú yàrá Yèyé gan-an ni. Inú ilé ìdáná lẹ́yìn ilé ni èmi wà, mò ń wò ó látibẹ̀. Mo rí i tí ó gbójú sókè, tí ó kọjú sí kọ́tìnnì yàrá Yèyé, tí ó ń fa imú. Ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún pa á dé. Ó wá de agolo ọta, ó sì ń wo ọ̀tún wo òsì, ó ń wá ohun tí yóò fi bo igbá ẹ̀tù náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìjì gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ó gbá kọ́tìnnì wọ inú yàrá, nígbà tí kọ́tìnnì yẹn sì máa fẹ́ padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, iná àbẹ́là ti mú un létí.

Ẹ̀tù náà kò dún bí ìbọn. Ó ṣe fùú, ìmọ́lẹ̀ funfun gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, èéfín sì tẹ̀lé e. Mo gbọ́ tí Bàbá ń sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ojú mi. Ojú mi."

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Adó, àwọn dókítà sì ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi dì í lójú, kò rí ẹnì kankan nínú wa. Àwọn ọdẹ wá bẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n béèrè bó ṣe jẹ́. Bàbá ní ọwọ́ òun ló gbọ̀n, òun ṣi ọta kan mú. Ọkùnrin tí gbogbo wọn fi ń búra pé ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣìṣe! Wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n kí i, wọ́n lọ, kò sì sí ẹni tó kó ọta wá sílé wa mọ́. Bí orúkọ rẹ̀ ṣe bàjẹ́ nìyẹn, ó sì dákẹ́ sí i. Yèyé ri ìyókù kọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé. Mo rí i. Kò sí ẹni tó bi mí léèrè ohunkóhun, ta ló ń béèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọdé?

Láti ọjọ́ náà, inú òkùnkùn ni Yèyé ń gbàdúrà. Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: ṣé ọkọ òun mọ̀? Kò lè bi í, nítorí kò ní lè bi í láìjẹ́wọ́. Mo máa ń rí i tí ó jókòó síwájú Bàbá, tí ó tẹjú mọ́ ojú tí kò ríran mọ́ yẹn, bíi pé ó ń wá nǹkan níbẹ̀. Ààrò wa kò tún kú lọ́sàn-án mọ́, iyán gbígbóná la wá ń jẹ lójoojúmọ́, a kì í sì í rẹ́rìn-ín nídìí rẹ̀ mọ́. Nígbà mìíràn, bí Bàbá bá jókòó sábẹ́ igi ọsàn lọ́wọ́ òfo, á ṣàdédé gbé ohùn sókè pé, "Ẹ ti pa uná?" Yèyé á dìde. Ọbẹ̀ ìbáà wà lórí ààrò, á bu omi sí i, á ní, "A ti pa á." Mo bẹ̀rù ìbéèrè yẹn ju òkú lọ.

Mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà nígbà tí Bàbá dùbúlẹ̀ àìsàn tó gbẹ̀yìn. Mo wálé wò ó. Yèyé ń fi ṣíbí fún un ní ògì mu, èmi sì di orí rẹ̀ mú. Bàbá wá ọwọ́ Yèyé títí tó fi bà á, ó sì dì í mú.

Ó ní, "Ìyá Dáre, mo gbóòórùn tùràrí rẹ lọ́jọ́ yẹn."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Yèyé.

"Àdúrà ni o ń gbà. Mo ní kí n jẹ́ kí o ṣe àmín ná, kí n tó ní kí o pa á."

Mo rò pé Yèyé yóò kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ẹ̀bẹ̀ tí ó ti ń gbé kiri nínú láti gbogbo ọdún yẹn. Kò bẹ̀ ẹ́. Omi dà lójú rẹ̀, ó ní, "Bàbá Dáre, ẹ ò bá pè mí."

Bàbá kò pẹ́ lọ lẹ́yìn náà, Yèyé sì tẹ̀lé e. Ilé alámọ̀ yẹn ti wó, wọ́n ti kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù síbẹ̀. Rọ́bà ni wọ́n fi ń ṣe ọta báyìí, òjò kì í wú u, kò sì sí ẹni tó ń pa ààrò nítorí ọta mọ́. Àdúrà nìkan ni kò dín kù. Àwọn ọmọ mi ń bẹ̀rẹ̀ tiwọn láti ìdájí, gbogbo ilé á máa mì. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbóòórùn ẹ̀wà tó ń jóná, tàbí wáyà, tàbí ohunkóhun tí n kò mọ̀, mo máa ń ṣílẹ̀kùn bá wọn láàárín àdúrà. Ọkọ ọmọ mi bínú sí mi nígbà kan, ó ní àbí n kò bẹ̀rù Ọlọ́run ni. Mo bẹ̀rù rẹ̀. Mo ṣì ń pè wọ́n lórúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọn á fi dá mi lóhùn.