Ọjọ́ Tí Mo Já Rìmóòtù Gbà Lọ́wọ́ Àǹtí Sàfú

Bí òórùn wàrà díndín bá ti kan imú mi láàárọ̀ Sátidé, ibi yòówù kí n wà, inú mi á kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà ni ojú á wá tì mí. Ilé wa ní Gàmbàrí, ní Ìlọrin, ni èyí ti bẹ̀rẹ̀. Tí àwa ọmọ bá ti ti ilé kéú dé, tí a to wàláà wa ti ara ògiri, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á ti gbé agbada epo kaná lẹ́yìnkùlé, á máa ju wàrà sínú rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. Èéfín rẹ̀ á gba ojú fèrèsé wọ pálọ̀. Òun la fi ń mọ̀ pé fíìmù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ á rántí àsìkò tí pléètì fíìmù gba ìgboro, èyí tí wọ́n ń rọ́ ogún fíìmù sínú ẹyọ kan, tí àwòrán ara páálí rẹ̀ kì í bá ohun tó wà nínú rẹ̀ mu. Bàbá mi ló ra tiwa ní Gáréèjì Ọ̀fà lọ́jọ́ kan tó ń ti ìrìnàjò bọ̀. Fíìmù Íńdíà ló rò pé òun rà. Nígbà tí a tẹ̀ ẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan la rí tó fa idà yọ lára òkúta, níbi tí gbogbo alágbára ìlú ti fà á tì, tí wọ́n sì torí ẹ̀ fi í jọba. Ẹ mọ ìtàn náà. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn òyìnbó ti ń fi ṣe fíìmù, wọn ò sì tíì ṣíwọ́. Ìyá Àgbà sọ ọ́ ní Ọba Onídà, kò sì sí ẹni tó tún fi orúkọ mìíràn pè é nílé wa.

Ìpín méjì la máa ń wò lọ́sẹ̀ kan. Òyìnbó ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ìyá tó ń bá wa wò ó kò gbọ́ òyìnbó. Ọgbọ́n tí a dá sí i, mi ò rò pé wọ́n lè dá a níbòmíràn ju Ìlọrin lọ. Ẹ mọ bí tafsíìrì ààwẹ̀ ṣe ń rí: ajánàsí á ka Kùránì jáde, á dánu dúró, àfáà á wá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún ìjókòó. Bẹ́ẹ̀ gan-an la ṣe ń wo Ọba Onídà. Èmi ni ajánàsí. Èmi ni mò ń ka òyìnbó tó ń jáde nísàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n ní geere. Tí mo bá ti kà á tán, Àǹtí Sàfú á tẹ rìmóòtù, àwòrán á dúró gbagidi, á wá túmọ̀. Ẹni tó ń túmọ̀ ló ni rìmóòtù. Kò sẹ́ni tó fi ṣòfin, àmọ́ bàbá mi pàápàá kì í fọwọ́ kàn án tí Àǹtí Sàfú bá wà ní ìjókòó.

Àbúrò bàbá mi ni Àǹtí Sàfú. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà náà, ó ti lọ sílé ọkọ, ó sì ti padà wálé. Ṣe ni àwọn ìyá máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ bá a níbi tó ti ń bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọjà, ilẹ̀ ọjọ́ náà kò sì tíì ṣú tó fi kó ẹrù rẹ̀ síta. Ó búra títí, wọn ò gbà á gbọ́. Fìlà ló ń fi ọwọ́ rán láti àárọ̀ dalẹ́ nílé wa, gbogbo ilé ló sì ń rán an níṣẹ́. Àwọn ìyàwó ilé, tó jẹ́ pé ìyá ọkọ ló yẹ kí wọ́n máa pè é, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń là mọ́lẹ̀: Sàfú, wá pọnmi, Sàfú, o ò tíì gbálẹ̀.

Sátidé nìkan ló máa ń yàtọ̀. Á ti wẹ̀, á ti lé tìróò, á jókòó sórí àga kan ṣoṣo tí tìmùtìmù rẹ̀ kò tíì ya, pẹ̀lú rìmóòtù lórí itan. Àwọn ìyàwó tó ń fi orúkọ pè é lánàá á wá máa bẹ̀ ẹ́ pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wí?"

Ó mọ̀ ọ́n túmọ̀ o. Tábìlì róbótó tí Ọba Onídà àti àwọn akọni rẹ̀ ń jókòó yí ká, Àǹtí Sàfú ní nítorí kí wọ́n lè jọ máa jẹun nínú àwo kan ni, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹran tòun kéré. Bàbá onírùngbọ̀n funfun tó ń fi oògùn ran ọba lọ́wọ́ di àfáà tó ti lọ Mẹ́kà lẹ́ẹ̀méje. Nígbà tí ọwọ́ obìnrin kan na idà jáde láti inú odò, ó ní àlùjànnú ni. Ìyá Àgbà ju wàrà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Sùbúhánà! Àlùjànnú tó tún lójú àánú!"

Àmọ́ ti olorì ló dùn jù. Ọba ní ọ̀rẹ́ kan, ògbóǹtarìgì jagunjagun, olorì àti ọkùnrin yìí sì máa ń wo ara wọn ṣáá. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wo ara wọn bẹ́ẹ̀, mo ka òyìnbó tèmi, Àǹtí Sàfú tẹ rìmóòtù, ó sì wo ojú àwọn méjèèjì dáadáa kó tó túmọ̀. Ó ní ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ogun ló pín wọn níyà ní kékeré, wọn ò sì lè jẹ́wọ́ nítorí pé ìlú ọ̀tá ọba ni wọ́n ti wá. Àwọn ìyá fi etí aṣọ nu ojú. Látọjọ́ náà, gbogbo ìgbà tí àwọn méjèèjì bá ti yọ lójú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń ṣàdúà fún wọn.

Mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ́dún náà, mo sì ṣe ipò kìíní nínú òyìnbó nílé ìwé. Ìwé ìtàn pẹlẹbẹ kan ni wọ́n fi dá mi lọ́lá, mo sì ṣí i, ìtàn Ọba Onídà ni. Mo kà á tán lọ́jọ́ kan náà. Kò sí ọmọ ìyá kankan níbẹ̀. Olorì ń yan ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ lálè, ọ̀rọ̀ náà sì tú ìlú ká. N ò ní purọ́ fún yín, inú mi ò bàjẹ́ fún ọba. Inú mi dùn ni, nítorí mo ti mú Àǹtí Sàfú. Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí pé èmi ni mò ń kàwé, òun ni wọ́n ń kí kú iṣẹ́.

Ìyá mi ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ fún mi, bóyá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́: "Ràlíà, kí o tó sọ ọ́, wo ojú ẹni tó máa gbọ́ ọ." N ò wo ojú ẹnì kankan. Mo pa ìwé náà mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo dúró de Sátidé.

Pálọ̀ kún lọ́jọ́ náà. Àwọn ìyá mẹ́ta kan tilẹ̀ wá láti ilé kejì. Olorì àti jagunjagun pàdé lẹ́yìn ààfin, ọkùnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo kà á. Àǹtí Sàfú tẹ rìmóòtù, ó ní, "Ó ní, àbúrò mi, jẹ́ kí n lọ jẹ́wọ́ fún ọba pé ìyá kan ló bí wa."

Mo dìde, mo já rìmóòtù gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Irọ́ ni! Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Àgbèrè ni wọ́n ń ṣe! Ó wà nínú ìwé mi. Àǹtí Sàfú ò gbọ́ òyìnbó kankan, irọ́ ló ti ń pa fún yín látọjọ́ yìí!"

Mo rò pé wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún mi ni. Ìyàwó àbúrò bàbá mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Àbájọ! Àbájọ tó fi ń gbèjà olorì. Ṣé ẹ wá rí ohun tí mò ń wí?" Ìyá Àgbà ké mọ́ ọn pé kó panu dé, àmọ́ ẹ̀rín náà ti kan ẹlòmíràn, ó sì ń lọ láti ẹnu dé ẹnu.

Àǹtí Sàfú kò nà mí, kò sì bú mi. Ó gún abẹ́rẹ́ mọ́ ara fìlà tó ń rán, ó ká òwú jọ, ó ní, "Ẹ jẹ́ n lọ wo aṣọ tí mo sá." Kò sá aṣọ kankan lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo fa omi láàárọ̀, mo sì mọ̀. Ìyá mi wò mí láti ẹnu ọ̀nà, kò sọ ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ, n ò sì mọ ohun tí mo fi rìmóòtù ọwọ́ mi ṣe.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kò yọjú. Wọ́n ní kí èmi tí mo gbọ́ òyìnbó máa kà á, kí n sì máa túmọ̀. Mo túmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Ìyá Àgbà sùn lọ kí ìpín àkọ́kọ́ tó parí. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, èmi nìkan ló kù níwájú tẹlifíṣọ̀n, Àǹtí Sàfú sì ti padà di Sàfú lẹ́nu gbogbo wọn. Kí ààwẹ̀ tó dé, ó ti kó lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ kan ní Òkè-Oyì, ó ń gbin ẹ̀pà, ó sì ń tà á létí títì. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bá a lára mu. Èmi náà gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, torí pé ó rọ̀ mí lọ́rùn láti gbà á.

Mo dàgbà, n ò jáwọ́ nínú Ọba Onídà. Mo wà nínú ẹgbẹ́ kan lórí fóònù, àwa tí a fẹ́ràn ìtàn náà, láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Gbogbo ìgbà tí fíìmù rẹ̀ tuntun bá ti jáde ni ìjà ń bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n fi aláwọ̀ dúdú ṣe akọni, ariwo. Wọ́n sọ àfáà onírùngbọ̀n di ọ̀dọ́, ariwo. Obìnrin ló fa idà yọ, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Wọ́n mọ̀ mí níbẹ̀ dáadáa. Èmi ni mo máa ń sọ fún wọn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé.

Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan kọ̀wé síbẹ̀ pé, lójú tòun, olorì kò ṣe ohunkóhun, wọ́n kàn purọ́ mọ́ ọn ni. Mo wà nídìí iná, mò ń din wàrà fún àwọn ọmọ mi. Mo fi ọwọ́ kan kọ èsì tó gùn bí ìwé ẹjọ́. Àwọn ènìyàn rọ́ àmì ẹ̀rín sábẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin náà fi kúrò nínú ẹgbẹ́. Àgbà kan láàárín wa wá kọ̀wé wọ́ọ́rọ́ pé, nínú ìtàn náà bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ ń pa á, ọ̀rẹ́ ọba yẹn kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Àwọn asọ̀tàn ilẹ̀ mìíràn ló fi kún un nígbà tó yá. Mo lọ wá a kà, òótọ́ ni. Ohun tí mo torí ẹ̀ ba Àǹtí Sàfú jẹ́ lójú gbogbo ilé, ògbufọ̀ kan ló fi òun náà kún un, bí Àǹtí Sàfú ṣe fi tirẹ̀ kún un. Ọmọ mi ló pariwo pé wàrà ti ń jóná.

Sátidé tó tẹ̀ lé e ni mo wọkọ̀ lọ sí Òkè-Oyì. Mo ti máa ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí i nígbà ọdún, àmọ́ n kì í lọ fúnra mi. Ó wà lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀ létí títì, irun rẹ̀ ti funfun, ó ń pa ẹ̀pà. Ó wò mí títí. "Ajánàsí mi!"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, ẹ foríjì mí."

"Ti kí ni?"

"Ti rìmóòtù."

Ó pa ẹ̀pà bíi mẹ́ta mẹ́rin, kó tó béèrè pé, "Báwo ni wọ́n ṣe parí ẹ̀ gan-an? N ò kúkú rí ìparí ẹ̀."

Mo tan fíìmù Ọba Onídà tuntun kan fún un lórí fóònù, mo sì gbé e lé e lọ́wọ́. Ó tì í padà sí mi. "Ìwọ ni kí o túmọ̀ ẹ̀. Ìwọ lo gbọ́ ọ."

Mò ń kà á, mò ń túmọ̀, títí a fi dé ibi tí olorì àti jagunjagun ti pàdé. Ọkùnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo tẹ̀ ẹ́ kó dúró. Mo ní, "Ó ní... ó ní, àbúrò mi, jẹ́ kí n lọ jẹ́wọ́ fún ọba..."

Àǹtí Sàfú gbé ọwọ́ lé orúnkún mi. "Ràlíà. Kì í ṣe ohun tó sọ nìyẹn. Mo rí ojú wọn nígbà yẹn náà. Ìyá Àgbà rí i. Ó kàn jẹ́ kí n máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Túmọ̀ ẹ̀ bó ṣe wà níbẹ̀, mo lè gbọ́ ọ báyìí."

Ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn pe ọ̀rọ̀ náà ketekete létí gbogbo ilé, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Èmi ìyá ọlọ́mọ méjì rèé, òyìnbó náà wà níwájú mi, mo gbọ́ ọ látòkè délẹ̀. Mo wo ojú Àǹtí Sàfú. Mo la ẹnu, kò jáde.

Ó dúró dè mí. Lẹ́yìn náà ló gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lọ́wọ́, ó ní, "Ó dáa, ajánàsí. Máa kà á, èmi á túmọ̀." Ó na ọwọ́ fún fóònù náà. Kò já a gbà. Ó na ọwọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí mo fi gbé e lé e lọ́wọ́ fúnra mi.