Ibojì Tí Kò Sí Nínú Pílánì

Mo rántí ìgbà tí ọ̀nà Òṣogbo sọ mí di ẹni tí àwọn awakọ̀ gáréèjì Iléṣà ń kí kí n tó jókòó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni, mo sì fẹ́ kọ́ ilé ìtọ́jú arúgbó kékeré kan sórí ilẹ̀ bàbá wa ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti gbé ọmú lọ sí Kánádà, arúgbó sì ń dá kú sínú yàrá. Ìjọba ní kí n kọ́kọ́ mú pílánì ilé náà wá sí ọ́fíìsì wọn l'Óṣogbo kí àwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Mo rò pé kò ní ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Ọmọdé ló ń ṣe mí, bí mo ti dàgbà tó.

Wọ́n dá a padà nítorí ẹnu ọ̀nà kò gba kẹ̀kẹ́ arọ. Wọ́n tún dá a padà nítorí àtẹ̀gùn. Inú bí mi, àmọ́ mo tún un ṣe, torí òótọ́ ni wọ́n sọ. Nígbà tó yá, ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì náà wá wo ilẹ̀. Ó rìn yí i ká, ó wá dúró níwájú sìmẹ́ńtì kan tí a fi táìlì bò.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ibojì ta rèé? Kò sí nínú pílánì."

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, olórí ẹbí wa, dá a lóhùn kí n tó lanu: "Bàbá wa ni. Ta ní ń ya bàbá ẹ̀ sí pílánì?"

Lóòótọ́, kò wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni nínú wa. A ti ń sá ẹ̀gúsí lórí bàbá láti ọjọ́ yìí wá. Kànga tí a yà sínú pílánì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá náà ní aláìsàn kò gbọdọ̀ mu omi ibẹ̀: ká gbé òkú kúrò, tàbí ká gbé kànga lọ sí ìkángun kejì ilẹ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò ní hú bàbá òun. Mo ní kò burú, kànga ni yóò lọ. Mo tún gba Òṣogbo lọ.

Kí pílánì tuntun tó jáde, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ẹ̀gbọ́n mi. Èmi àti ìyàwó rẹ̀ la jọ ń gbé e wọlé, gbé e jáde. Á wò mí, á ní, "Ulé rẹ ńkọ́?" Màá ní, "Ó ṣì wà l'Óṣogbo, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi kú gan-an ni wọ́n buwọ́ lu pílánì náà. Ìkángun kejì ni ẹbí sin ín sí, wọ́n ní ibẹ̀ ló ṣófo. Mo bá wọn da iyẹ̀pẹ̀ sí i. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ sọ fún ọmọ olóòkú pé kànga ni ibẹ̀ yẹn wà fún?

Mi ò bínú sí ìjọba, ohun tí wọ́n bèèrè tọ́. Mi ò bínú sí ẹbí náà. Ó kàn rẹ̀ mí ni, mi ò sì gba Òṣogbo lọ mọ́. Láàárọ̀, mo máa ń jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì títí orúnkún á fi gbà kí n dìde. Èmi náà ti di ọ̀kan nínú àwọn tí mo fẹ́ kọ́lé fún.