Ẹṣin Oníke Nínú Apẹ̀rẹ̀ Obì

Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn ewé gbòdògì, ẹṣin ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Kì í ṣe ẹṣin ọba o. Ẹṣin ìṣeré oníke ni, funfun nini, kò ga ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, irun ọrùn rẹ̀ gùn bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsọ̀ onídìrí dé.

Ní ìparí àwọn ọdún 1990 ni, nígbà tí ìwé ẹ̀rí pọ̀ nílẹ̀ ju iṣẹ́ lọ. Mo gboyè nínú ìmọ̀ ìtàn, mo sì padà sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ṣàgámù, níbi tó ti ń ta obì. Mi ò bá a tà á. Ọ̀mọ̀wé kì í ṣa obì. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì ìjọ ní apá Ìkẹ́nnẹ́ ń wá ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́ níbi ìwádìí rẹ̀, iṣẹ́ yẹn ni mo ń lé kiri. Ìyàwó rẹ̀ ti gbé Amẹ́ríkà pẹ́, imú ló fi ń sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí mo lọ kí wọn, ó gbé páálí kan jáde: ẹṣin méjìlá, ìdọ̀tí bò wọ́n, irun wọn ta kókó. Ó ní lókè òkun àwọn àgbàlagbà ń wá irú wọn kiri, wọ́n ń tò wọ́n sínú gíláàsì. Ta ló lè bá òun tún wọn ṣe?

Ẹnu mi yá ju èrò mi lọ. “Mo kọ́ ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní yunifásítì, mà.” Òótọ́ ibẹ̀ ni pé wọ́n kó wa lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lẹ́ẹ̀kan, mo sì sùn nínú bọ́ọ̀sì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, “Tí o bá ṣe é dáadáa, wá rí mi nípa iṣẹ́ yẹn.”

Mo fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ wọ́n, mo sì tú irun wọn fọ́nrán fọ́nrán. Wọ́n mọ́ lóòótọ́.

Ìyá mi pàtẹ́wọ́. “Ọmọ tí mo fi owó obì rán ní yunifásítì, ìrù ẹṣin ló ń ya!”

“Màámi, iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé ni. Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n.”

“Mo ti gbọ́, ọ̀mọ̀wé onírù.”

Ká ní mo dá a dúró síbẹ̀ ni. Àmọ́ ọyẹ́ ń fẹ́, ẹ̀rù bà mí pé ike á gbẹ, á sì sán. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n àwọn àgbà wọ̀nyẹn kò lọ sí yunifásítì. Nílé tiwa, ohun tí a kò bá fẹ́ kó gbẹ, inú ewé gbòdògì tútù là ń dì í sí. Mo wá apẹ̀rẹ̀ kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ da obì inú rẹ̀ jáde, mo di àwọn ẹṣin náà sínú ewé tó wà nínú rẹ̀.

“Obì máa ń yí nǹkan láwọ̀ o,” ni ìyá mi wí. “Lọ sọ fún wọn pé o ò mọ̀ ọ́n.”

“Màámi, ẹ fi mí sílẹ̀.”

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mi ò tú u wò tí mo fi gbé e dé Ìkẹ́nnẹ́. Ìyàwó ọ̀jọ̀gbọ́n ṣí ewé. Gbogbo ẹṣin ti pọ́n káàkiri bí ìyá ìkókó tó kun osùn.

“Ìtọ́jú àbáláyé ni, mà,” ni mo wí. “Àwọ̀ yẹn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ẹ̀rí ọjọ́ orí.”

Ibi tí mo ti ń ṣàlàyé ni obì kan ti yí jáde láti abẹ́ ewé, ó lọ dúró síbi ẹsẹ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìjọ wọn kì í jẹ obì rárá. Ó fò sẹ́yìn bí ẹni rí ejò. “Kí nìyí nínú ilé mi?”

Ìyàwó rẹ̀ ló mú un, ó gbóòórùn rẹ̀, Amẹ́ríkà sì kúrò nímú rẹ̀ lójijì. Ó fọ Rẹ́mọ ògidì: ìyá òun tà á ní Ìbídò, ní Ṣàgámù kan náà, títí tó fi kú, òun lòun ń fọ ewé fún un, ta ni kò sì mọ̀ pé àbàwọ́n obì kì í lọ? Ó yíjú sí mi. “Ọmọ olóbì ni ọ́, kí ló dé tí o ò sọ?”

Ó yẹ kí n bi òun náà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni mo wá wá.

Ẹlòmíràn ni wọ́n fún níṣẹ́ náà. Ìyá mi kò bú mi. Ó kàn sún lórí àpótí, ó sì da obì síwájú mi pé kí n máa ṣà á. Láti ọjọ́ náà ni mo ti wà nídìí rẹ̀. Àwọn oníbàárà mi le, wọn kì í gbọ́ àlàyé. Kò sí èyí tó bi mí rí pé níbo ni mo ti kọ́ ọ. Wọ́n á pa obì, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á sì wojú mi.